Agbálẹ̀ Tí Wọ́n Fi Ṣe Tíṣà Adití

Àwọn tó máa ń jókòó sọ ìtàn iṣẹ́ wọn fún ọmọdé, ewú ti máa ń wà lórí wọn. Èmi kò tí ì ní ewú kan. Mo mọ̀ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo ti ṣe láti ìgbà tí mo ti lè fa omi nínú kànga, iṣẹ́ náà sì ti parí mọ́ mi lọ́wọ́, n kò ní í padà sídìí rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń rò ó pé kí lẹ máa ṣe láyé, tí ẹ̀gbọ́n yín ń sọ pé iṣẹ́ tíṣà dára, tí àbúrò bàbá yín ń sọ pé kò dára, ẹ wá gbọ́. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí mo bá wà láàárín èèyàn, ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí inú ṣì ń bí mi, ìbínú tí a kò bá sì sọ jáde, ẹni tó ni ín ló máa ń jẹ.

Ìlú kékeré kan lẹ́yìn Akanran ni mo ti wá. Bàbá mi ń gbin pákí àti kòkó díẹ̀. Mo kàwé dé ìwé kẹrin kí àìsàn tó dá bàbá mi dùbúlẹ̀, wọ́n sì yọ mí. Ilé-ìwé tí wọ́n ti yọ mí náà ni mo padà sí láti máa gbálẹ̀. Bí mo ṣe ríṣẹ́ náà kò ní ìtàn nínú. Ẹni tó ń gbálẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ sílé ọkọ, ẹ̀gbọ́n ìyá mi bá Hẹ́dìmásítà sọ̀rọ̀, mo mú ìgbálẹ̀ dé. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ó tán.

Ní ìparí ọgbà ilé-ìwé náà, lábẹ́ igi máńgòrò, yàrá kan wà tí gbogbo ìlú ń pè ní kíláàsì odi. Àwọn ọmọ adití tó ń ti abúlé wá ló wà níbẹ̀. Yírùnyírùn ló gba etí àwọn kan nínú wọn, àwọn mìíràn sì jẹ́ pé bí wọ́n ṣe bí wọn nìyẹn. Màmá Akínwándé ni tíṣà wọn kan ṣoṣo, obìnrin pupa tó ga, tó lọ kọ́ iṣẹ́ ìkọ́ni adití dé ìparí rẹ̀, tí kì í rẹ́rìn-ín láàárọ̀. Hẹ́dìmásítà ní bí mo bá ti gbálẹ̀ tán, kí n máa lọ ràn wọ́n lọ́wọ́: kí n mú àwọn kékeré lọ sí ilé ìgbẹ́, kí n bá wọn pọnmi, kí n ṣọ́ wọn lójú títì kí mọ́tò agbégi má pa wọ́n, nítorí wọn kò lè gbọ́ fèrè rẹ̀.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì náà, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Wọn kò dá mi lóhùn. Mo tún un sọ. Màmá Akínwándé gbé ojú sókè, wọ́n fi ìka kan tọ́ka sí ẹnu mi, wọ́n mi orí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú mi jáde síta.

"Kí lorúkọ ẹ?"

"Síkírá, mà."

"Síkírá, níta níbí, lo ẹnu ẹ bó ṣe wù ọ́. Bí o bá ti gun àtẹ̀gùn yẹn, ẹnu ẹ ti di àpò tí wọ́n rán pa. Àwọn ọmọ yìí kò gbọ́ nǹkan kan. Èmi àti ìwọ kò ní í máa sọ̀rọ̀ kọjá lórí wọn bí ẹni pé òpó ni wọ́n."

"N kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, mà."

"Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń wòran?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó yá, máa wò."

Ẹ ò lè mọ bó ṣe rí lára mi. Láti kékeré ni wọ́n ti ń bú mi nílé pé ẹnu mi wúwo, pé bí àlejò bá dé, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n ti máa ń rí mi. Mo wá bọ́ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti béèrè ohùn mi. Gbogbo ọjọ́ ni mo fi ń wo ọwọ́. Bí mo bá délé, mo máa ń fi ọwọ́ bá adìyẹ sọ̀rọ̀. Ìyá mi rí mi lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, "Síkírá, ṣé kò sí? Kí lo ń júwe fún adìyẹ?" Mo ní mo ń lé e ni.

Màmá Akínwándé kì í gba gbẹ̀rẹ́. Rúlà onígi kan wà lọ́wọ́ wọn. Bí mo bá ṣe àmì kan dé ìdajì tí mo fi í sílẹ̀, wọ́n á fi rúlà kàn mí ní ìka. Bí a bá wá bọ́ síta, wọ́n á ní, "Ọwọ́ ẹ ń kùn. Ó dà bí ẹni tó kó iyán sẹ́nu tó ń kí èèyàn. Jẹ́ kó là!" Bí mo bá sì wolẹ̀, ìyẹn tún burú jù. Wọ́n á fi ìka kan gbé àgbọ̀n mi sókè. "Ojú wà nínú ọ̀rọ̀. Adití kì í gbọ́ ẹni tó wolẹ̀. Bí ojú bá ń tì ọ́, máa lọ fi tijú nílé yín." Mo sunkún nídìí máńgòrò yẹn, mo sì tún padà wọlé. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rán mi sí àwọn ọmọ kékeré pé kí n bá wọn tún ẹ̀kọ́ àná sọ. Ọjọ́ tí wọ́n fi rúlà náà sínú àpò lójú mi, tí wọn kò mú un jáde mọ́, ni mo mọ̀ pé ọwọ́ mi ti là.

Àṣà kan wà láàárín àwọn adití tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Wọn kì í pe èèyàn ní orúkọ tí ìyá àti bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Wọ́n á wò ọ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ọwọ́ sọ ọ́ lórúkọ. Hẹ́dìmásítà, ṣòkòtò tí wọ́n ń fà sókè ni wọ́n sọ wọ́n, Hẹ́dìmásítà kò sì mọ̀ títí dòní. Èmi, àtẹ́lẹwọ́ tó bo ẹnu. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Bíntù, tí kì í lè rẹ́rìn-ín kí ara má bá a rẹ́rìn-ín. Èjìká tó ń mì ni orúkọ tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Mọ́jí, ìka méjì lábẹ́ ojú, nítorí kò sí ohun tí Mọ́jí máa ń fojú fò.

Ìyá Mọ́jí ń yan gààrí ní abúlé kan tó kọjá odò. Ọmọ ìjọ Kérúbù ni wọ́n. Ọjọ́ tí wọ́n mú un wá, wọ́n wọ sùtánà wọn wá, wọ́n sì sọ fún Màmá Akínwándé pé, "Wòlíì ní etí ẹ̀ máa là. Wọn ò sọ ọjọ́ tó máa là. Mo ní kó máa kàwé dè é." Mọ́jí kàwé dè é lóòótọ́. Ohun tí ẹ bá fi hàn án lẹ́ẹ̀kan, ó ti gbé e. Ó máa ń kọ́ àwọn yòókù nídìí máńgòrò lẹ́yìn tí a bá jẹun tán, á fi igi kọ̀wé sílẹ̀, á sì máa fa etí ẹni tí kò bá wò ó.

Irinṣẹ́ wa nígbà yẹn kò ju dígí kan, ìyẹ́ adìyẹ, àti bébà àpò sìmẹ́ńtì lọ. Inú dígí ni ọmọ á ti máa wo ètè ara rẹ̀. Ìyẹ́ ni a máa gbé síwájú ẹnu rẹ̀ tó bá ń kọ́ lẹ́tà tó máa ń fẹ́ atẹ́gùn jáde. Bí ìyẹ́ bá mì, a ó pàtẹ́wọ́ lójú rẹ̀. Bébà sìmẹ́ńtì ni Màmá Akínwándé fi ń ya àwòrán. Nígbà tó ṣe, àwọn àlejò kan gbé ẹ̀rọ etí wá, àpótí kékeré tí wọ́n ń gbé kọ́ àyà, tí okùn rẹ̀ ń lọ sínú etí. Ọjọ́ tí Mọ́jí kọ́kọ́ gbé e kọ́rùn, wọ́n lu irin agogo ilé-ìwé, ó fò sókè, ó wo òkè àjà. Ó rò pé nǹkan já bọ́ ni. Ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ kò sí lọ́jà Akanran, kò sì pẹ́ tí gbogbo wọn fi kú. A fi wọ́n kọ́ ìṣó lára ògiri, aláǹtakùn sì kọ́lé sí wọn. Màmá Akínwándé ní, "Ẹni tó fún ọ ní fìtílà tí kò fún ọ lépo, òkùnkùn ló ta ọ́ lọ́rẹ."

Ohun tó ba iṣẹ́ mi jẹ́ wá dé. Màmá Akínwándé pè mí síta lọ́jọ́ kan, wọn kò wo ojú mi.

"Síkírá, wọ́n ń gbé mi lọ sí ìgboro. Ilé-ìwé adití kan wà n'Íbàdàn, tíṣà wọn ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, owó oṣù kò jáde. Wọ́n ní kí n lọ gba ipò ẹ̀."

"Ta ló máa gba ipò tiyín, mà?"

"Wọ́n ní ẹnìkan ń bọ̀."

Ẹnìkan náà, títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, n kò tí ì fojú kàn án. Ṣé ẹ rí ọgbọ́n wọn? Wọ́n ń fa aṣọ sí orí, ẹsẹ̀ ń wà níta. Wọ́n ń fa á sí ẹsẹ̀, orí ń wà níta. Àwọn ọmọ tó ní etí, bí tíṣà wọn bá lọ, wọ́n lè dà wọ́n mọ́ kíláàsì mìíràn, wọ́n á máa gbọ́ díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀. Adití tí tíṣà rẹ̀ bá lọ, èdè rẹ̀ ló lọ. Ta ni wọ́n fẹ́ dà á mọ́?

Mo lọ bá Hẹ́dìmásítà. Wọ́n ní, "Síkírá, ṣáà máa mú wọn dání." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń mú wọn dání. Mo máa ń gbálẹ̀ ní kùtùkùtù, màá fọ ọwọ́ mi, màá wọ kíláàsì. Mo tún ohun tí Màmá Akínwándé ti kọ́ wọn kọ́ wọn. Nígbà tó tán, mo tún un kọ́.

Nígbà tí ìyẹn ti lọ títí, Hẹ́dìmásítà ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì.

"Síkírá, ṣé o ní aṣọ tó dáa?"

"Ti kí ni, sà?"

"Àwọn alábẹ̀wò ilé-ìwé ń bọ̀ lọ́la. Ìwọ ni kí o dúró níwájú kíláàsì odi."

"Mi ò kàwé, sà."

"Ta ló bi ọ́ léèrè ìwé? Ọwọ́ lo máa jù. Ta ló máa gbọ́ ọ níbẹ̀?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fa ṣòkòtò wọn sókè. Ojú wọn wá le. "Gbọ́, ọmọ yìí. Bí wọ́n bá dé tí wọn ò rí tíṣà, wọ́n á ti kíláàsì yẹn. Ṣé ohun tí o fẹ́ nìyẹn?"

N kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo wọ ìró àti bùbá ìyá mi. Bí àwọn alábẹ̀wò ṣe wọlé, Hẹ́dìmásítà ní, "Mísì Síkírá nìyí." Láti ọjọ́ tí mo ti délé ayé, ẹnikẹ́ni kò pè mí ní Mísì rí. Àgbàlagbà onídígí kan ló ṣáájú wọn. Mo bá àwọn ọmọ sọ ìtàn ìjàpá kan, ọwọ́ mi là dáadáa, èjìká Bíntù ń mì, Mọ́jí sì jáde wá kọ orúkọ gbogbo ẹranko tó wà nínú ìtàn náà sójú bọ́ọ̀dù. Àgbàlagbà náà pàtẹ́wọ́.

"Hẹ́dìmásítà, ẹ ò sọ fún wa pé ẹ ní irú tíṣà yìí! Ibòmíràn ń sunkún."

"Ọlọ́run ló ṣe é, sà," ni Hẹ́dìmásítà wí.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí ìròyìn fi dé láti ìgboro pé tíṣà adití kan ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ì bá fi í sí, ṣùgbọ́n àwọn alábẹ̀wò ti sọ pé tiwa ti pé. Wọ́n gbé e lọ síbòmíràn. Hẹ́dìmásítà fẹnu ara wọn sọ ọ́ fún mi lójú ọ̀nà, bí ẹni tó ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Bí ọwọ́ mi bá ti kùn bíi ti àtijọ́, bóyá tíṣà ì bá dé. Dídára tí ọwọ́ mi dára ni wọ́n fi dí ọ̀nà mọ́ àwọn ọmọ náà.

Ọdún ń gorí ọdún. Mọ́jí ti dàgbà. Ó máa ń yá ìwé ìṣirò lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìwé karùn-ún, á jókòó sídìí máńgòrò, á máa dá a ṣe. Ó gbé e wá bá mi lọ́jọ́ kan. Irú ìṣirò tí wọ́n máa ń fi nọ́ńbà kan sókè, tí wọ́n á fa ìlà sáàárín, tí wọ́n á fi òmíràn sísàlẹ̀ ni. Wọ́n ní kó ro méjì irú rẹ̀ pọ̀. Ó ro àwọn tòkè pọ̀, ó ro àwọn tìsàlẹ̀ pọ̀, ó sì gún régé lójú mi. Ìdáhùn wà lẹ́yìn ìwé náà, kì í sì í ṣe ohun tí ó kọ.

Ó fi ọwọ́ bi mí pé, "Kí ló dé?"

Mo wo ìwé náà. Ìwé kẹrin ni mo ti kúrò nílé-ìwé. N kò dé ibẹ̀ rí. Mo ní, "N kò mọ̀."

Ó tún béèrè. Ó rò pé àmì ọwọ́ òun ni kò là. Ó ṣe é gbọngbọn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀: kí, ló, dé?

Àwọn àgbà ní a kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Mo mọ èdè àwọn ọmọ yìí bí ẹni mọ ojú ọ̀nà oko. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ fi èdè náà sọ kò sí nílé. Orí ọmọ yẹn ti kọjá tèmi, kò sì sí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ àfi èmi.

Mo bẹ Hẹ́dìmásítà kí wọ́n jẹ́ kí Mọ́jí máa jókòó ní ìwé karùn-ún tí wọ́n bá ń ṣe ìṣirò. Wọ́n gbà. Tíṣà Làsísì ló ń kọ́ wọn níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tó lọ, Mọ́jí sáré padà wá bá mi, ojú ẹgba ti lé sí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Mo lọ bá Tíṣà Làsísì.

"Sà, kí ló ṣe?"

"Ó ń jí ìwé ọ̀rẹ́ ẹ̀ wò. Mo ń pe iṣẹ́ fún wọn, gbogbo wọn ń kọ ọ́, òun ń wo ìwé ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀."

"Sà, ojú ló fi ń gbọ́."

"Kó yáa dijú gbọ́ nígbà náà!" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà Làsísì kò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Ṣọ́ọ̀kì ti bo irun wọn, ó ti rẹ̀ wọ́n. "Ìwé karùn-ún àti ìwé kẹfà ló wà lọ́wọ́ mi, Síkírá, ẹnìkejì mi ti lọ wa takisí n'Íbàdàn. Àwọn tó gbọ́ ni mi ò tí ì kọ́ tán. Lọ gbé ìgbálẹ̀ ẹ."

Mo padà sí abẹ́ máńgòrò. Mọ́jí jókòó, ó na ẹsẹ̀ síwájú, ó bi mí pé kí ni òun ṣe. Ẹ bá mi dáhùn. Àmì ọwọ́ wo ló wà fún un pé wọ́n nà ọ́ nítorí pé o gbọ́ràn? Mo wá epo pupa, mo fi pa ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì pinnu ohun tí mo máa ṣe nínú ọkàn mi.

Nígbà tí àwọn alábẹ̀wò tún ń bọ̀, Hẹ́dìmásítà kò tún bi mí léèrè aṣọ. Wọ́n ti mọ̀ pé mo ní. Wọ́n mú wọn wọ kíláàsì wa, àgbàlagbà onídígí yẹn náà ló tún ṣáájú. Kò sí ẹnì kankan níwájú bọ́ọ̀dù. Mo jókòó lórí bẹ́ńṣì láàárín Mọ́jí àti Bíntù, pẹ̀lú aṣọ tí mo fi gbálẹ̀ láàárọ̀.

"Mísì Síkírá," ni Hẹ́dìmásítà wí, eyín nìkan ni wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín, "ẹ dìde, ẹ máa báṣẹ́ lọ."

N kò dìde.

Àgbàlagbà náà ní, "Mísì, ṣé ara ò yá ni?"

Mo gbé àgbọ̀n mi sókè. Ohùn mi kéré tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sún mọ́ mi. "Ara yá, sà. Èmi kì í ṣe tíṣà. Èmi ni mo ń gbálẹ̀."

"Àwàdà ni, sà," ni Hẹ́dìmásítà wí. "Ọmọ yìí fẹ́ràn àwàdà." Èmi, tí ìlú ń pè ní ẹnu wúwo.

Àgbàlagbà náà mú ṣọ́ọ̀kì. Wọ́n kọ ìṣirò kan sójú bọ́ọ̀dù, irú ti Mọ́jí yẹn náà, olókè àti onísàlẹ̀. Wọ́n na ṣọ́ọ̀kì náà sí mi. Mo dìde wàyí, mo lọ dúró síwájú rẹ̀. Àwọn ọmọ ń wò mí. Mo dúró títí tí ẹ̀fun fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ mọ́ òógùn ọwọ́ mi. N kò mọ̀ ọ́n.

"Ìwé mélòó lẹ kà?"

"Ìwé kẹrin, sà."

"Ta ló wá ń kọ́ àwọn ọmọ yìí?"

"Ohun tí mo fẹ́ bi yín náà nìyẹn, sà."

Wọ́n yọ dígí ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n jáde. Mo rò pé mo ti ṣe é. Mo rò pé ẹni tó bá fojú ara rẹ̀ rí ihò náà á wá nǹkan fi dí i.

Wọn kò fi tíṣà ránṣẹ́ sí wa. Àgádágodo ni wọ́n fi ránṣẹ́. Wọ́n ní kíláàsì tí kò ní tíṣà kì í ṣe kíláàsì, kí wọ́n tì í, kí àwọn ọmọ máa lọ sílé ná. Ẹ̀rù tó ń ba Hẹ́dìmásítà kì í ṣe irọ́. Àwọn ènìyàn tó lè wá owó àgádágodo kò lè wá owó oṣù tíṣà kan. Bí ilé bá ń jò, wọn kì í bo ilé, wọ́n á lé àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ jáde. Èmi náà, wọ́n ní kí n má wá mọ́. Hẹ́dìmásítà ní, "Mo sọ fún ọ." Wọ́n sọ fún mi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá tún dìde lọ́jọ́ yẹn tí mo juwọ́, Mọ́jí ì bá wà lábẹ́ máńgòrò yẹn pẹ̀lú ìbéèrè rẹ̀ títí tó fi máa lọ sílé ọkọ, ìwé ìjọba á sì máa sọ pé ó ní tíṣà.

Ìyá Mọ́jí wá bá mi nílé, ẹ̀fun gààrí ṣì wà lápá wọn. "Síkírá, ìwọ lo ti kíláàsì mọ́ ọmọ mi. Ó kéré tán, ó ń jáde láàárọ̀."

"Mà, ó ń jáde ni, kò dé ibì kankan. Ẹ jẹ́ kí n mú un lọ bá Màmá Akínwándé n'Íbàdàn."

"Ta ló máa bá mi yan gààrí?"

Wọ́n jókòó, wọ́n wo ọwọ́ ara wọn títí. Wọ́n ní, "Bó bá délé lọ́jọ́ ọlidé, mi ò ní í gbọ́ ohun tó bá ń sọ."

"Màá kọ́ yín, mà."

"Èmi arúgbó yìí?"

"Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń wòran, mà?"

Bí a ṣe lọ nìyẹn. Kíláàsì Màmá Akínwándé kún dé ẹnu ọ̀nà. Ewú ti bo orí wọn. Mo fi ọwọ́ sọ orúkọ gbogbo àwọn ọmọ wa fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi ọwọ́ bojú. "Ẹyọ kan, Síkírá. Ẹyọ kan ni mo lè fún mọ́ ibí." Wọ́n sì ní ìwé kẹta ni Mọ́jí máa ti bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn ọdún tó ti ṣòfò. Àwọn ọmọ tó máa bá jókòó kò ga ju ìbàdí rẹ̀ lọ. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó wọlé.

Mo dúró lójú fèrèsé láti wò ó. Màmá Akínwándé bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Mọ́jí yíjú sí mi, mo rò pé ó fẹ́ juwọ́ ó dàbọ̀, mo ti gbé ọwọ́ tèmi sókè. Ó ní kí n sún. Mo ń dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ ọn, kò rí ọwọ́ tíṣà dáadáa. Mo sún.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá iṣẹ́, mo fẹ́ kí ẹ ṣe iṣẹ́ yìí. Mo fi ìbínú sọ ọ́, mo sì fi ìfẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ lọ kọ́ ọ dé ìparí kí ẹ tó dúró síwájú ọmọ ọlọ́mọ. Bí wọ́n bá sì wá bá yín pé kí ẹ ṣáà máa mú wọn dání, ẹ bi wọ́n pé títí di ìgbà wo. Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́, àwọn tí mò ń sọ wọ̀nyí sì ti dákẹ́ tó.

Aṣọ ni mo ń kọ́ rán báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ń bọ̀ láti Akanran, mo pàdé Bíntù lójú ọ̀nà oko wọn, ó ru abọ́ pákí. Bó ṣe rí mi, èjìká rẹ̀ ti ń mì. Ó sọ abọ́ náà kalẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ lè ráyè. Ó béèrè Mọ́jí. Ó béèrè bí mo ti ń ṣe sí. Lẹ́yìn náà ni ó bi mí pé ìgbà wo ni ọlidé yìí máa parí, pé ó ti pẹ́ jù.

Kò sí ẹnì kankan nílé wọn tó lè fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ti kíláàsì náà, ẹnikẹ́ni kò sọ fún un. Ó ti ń fọ yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ sílẹ̀.

Mo sọ fún un. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi. Ó ní kí n tún un sọ.

Mo tún un sọ.